Wọ́n pa heparin ẹ̀gbọ́n mi: ṣé wọ́n ti fi í sílẹ̀ ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì wa. Ọjọ́ kẹfà rèé tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti wà lórí ẹ̀rọ ECMO, èyí tó ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde, tó ń fi atẹ́gùn sí i, tó sì ń dá a padà sára, nítorí àrùn ẹ̀dọ̀fóró. Láti ọjọ́ kìíní ni wọ́n ti ń fún un ní heparin kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà dì. Lánàá, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sun níbi tí rọ́bà ti wọ ọrùn rẹ̀, ni wọ́n bá pa heparin náà. Ṣé wọ́n ti fi í sílẹ̀ ni? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ò ní wá dì sínú ẹ̀rọ báyìí? Irùngbọ̀n rẹ̀ náà ti kún, ó wù mí kí n bá a fá a. — Àbúrò rẹ̀ obìnrin

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Wọn ò fi í sílẹ̀ rárá. Ìyá kan wà tó mọ iye ẹ̀rọ oògùn tó ń tanná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ rẹ̀. Lóru ọjọ́ tí mo pa ti heparin, ó rí i pé ọ̀kan ti kú, ló bá bú sẹ́kún, torí n kò sọ fún un tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, mo máa ń kọ́kọ́ ṣàlàyé kí n tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì. Ó dùn mí pé ẹnikẹ́ni ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín.

Ẹ̀jẹ̀ mọ inú iṣan, kò mọ rọ́bà. Bó bá ti kan rọ́bà, ńṣe ló máa ń ṣe bí ẹni pé ojú ọgbẹ́ ló dé, á fẹ́ dì. Ẹ sì wò ó, nǹkan bíi lítà 4 sí 5 ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà ló lè gba inú ẹ̀rọ yẹn kọjá ní ìṣẹ́jú kan. Heparin kì í sọ ẹ̀jẹ̀ di omi, kì í sì í yọ́ èyí tó ti dì. Antithrombin, ìjánu tí ara fúnra rẹ̀ ní, ló máa ń fún lágbára.

Àmọ́ heparin nìkan kọ́ ló ń fa ẹ̀jẹ̀ tí ẹ rí. Yíyí tí ẹ̀rọ náà ń yí ń ja èròjà kan tó ń jẹ́ von Willebrand, tó ń bá ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́, ó sì ń jẹ platelet run, ìyẹn àwọn èròjà kéékèèké inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kó dì. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ fi lè máa sun síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pa oògùn. Ní ti heparin, láàárín ìṣẹ́jú 60 sí 90, ìdajì rẹ̀ ti lọ lára. Ìyẹn ló mú ká fẹ́ràn rẹ̀: ó yá pa, ó yá tàn padà.

Ṣé kò ní dì? Ó lè dì, a ò sì fojú kékeré wò ó. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀dọ̀fóró nìkan ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́, inú iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sọ́kàn ni ẹ̀rọ ti ń fà á, ibẹ̀ náà ló ń dá a padà sí. Ti ẹni tí wọ́n ń ran ọkàn rẹ̀ lọ́wọ́ ló le jù, torí inú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara ni wọ́n ń dá a sí, ẹ̀jẹ̀ dídì sì lè gba ibẹ̀ dé ọpọlọ. Nítorí náà, àwọn dókítà máa ń láyà láti pa heparin fún wákàtí mélòó kan, nígbà mìíràn fún ọjọ́ díẹ̀, fún ẹni bíi ẹ̀gbọ́n yín. Eré tí ẹ̀jẹ̀ ń sá nínú rọ́bà ń ṣèrànwọ́, wọ́n sì máa ń fi èròjà tó ń dènà dídì kun inú rọ́bà náà.

Ní wákàtí-wákàtí, tọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń wo ojú ẹ̀dọ̀fóró àtọwọ́dá, ìyẹn apá ibi tí ẹ̀rọ náà ti ń fi atẹ́gùn sí ẹ̀jẹ̀. Àmì dúdú ni ẹ̀jẹ̀ tó dì. Nǹkan funfun bí òwú, tí òun náà jẹ́ ara dídì ẹ̀jẹ̀, máa ń wà níbi tí rọ́bà ti so pọ̀. Èyí tó bá wà níhà tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde lọ sára aláìsàn ló máa ń já mi láyà. Tọ́ọ̀ṣì kan náà ni mo fi ń wo ọmọlójú aláìsàn, torí kí ẹ̀jẹ̀ má sun sínú ọpọlọ la bẹ̀rù jù. A tún ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò: bó bá jẹ́ ACT ni, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń ka iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì, ọ̀pọ̀ ibi ló ń fẹ́ kó wà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 180 sí 220 nígbà tí heparin bá ń lọ.

Torí pé ọjọ́ kẹfà lẹ wà, ẹ bi wọ́n pé, “Platelet rẹ̀ ńkọ́?” Láàárín ọjọ́ karùn-ún sí ìkẹwàá, heparin fúnra rẹ̀ lè bá ara àwọn kan jà, kí platelet já wálẹ̀ lójijì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, wọn kì í dá a padà mọ́. Oògùn mìíràn tó ń dènà dídì, bivalirudin tàbí argatroban, ni wọ́n máa ń lò.

Ní ti irùngbọ̀n, ẹ jọ̀wọ́, kí abẹ má kàn án. Ẹ béèrè bóyá wọ́n á gbà kí ẹ lo kílípà oníná. Bí wọ́n bá gbà, kí nọ́ọ̀sì di rọ́bà ọrùn yẹn mú fún yín, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kejì.