Máńgòrò tó kọ̀ tí ò so: ẹ rọra pẹ̀lú oògùn yẹn o

Ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ ní máńgòrò yín n'Ìkọ̀lé ti pé ọdún mẹ́fà, ewé kún un fọ́fọ́ àmọ́ kò tanná rí, tí wọ́n wá ní kẹ́ ẹ lọ ra paclobutrazol, oògùn tí wọ́n fi ń mú kí igi tanná, dà sídìí ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dà á. Èmi ti da tèmi, ojú mi sì rí màbo.

Ẹ̀bá Ìjerò loko mi wà, igi mẹ́rìnlá, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n graft (ìyẹn ni pé wọ́n so ẹ̀ka igi tó ti ń so mọ́ ìdí igi kékeré). Ẹni tó ta oògùn ọ̀hún fún mi l'Adó kàn ní "ìdérí méjì sí igi kan, ẹ máa rí iṣẹ́ Olúwa." Kò bi mí bígi ṣe tóbi tó, èmi náà ò sì ka ohun tí wọ́n kọ sára ike (ṣé ìwé ni mo fẹ́ kà ni, máńgòrò ni mo fẹ́ tà). Lọ́dún àkọ́kọ́, ó so! Ó so débi pé mo ń ya fọ́tò ẹ̀ kiri. Ohun tó kó bá mi nìyẹn, torí lọ́dún kejì mo tún da iye kan náà, mo tiẹ̀ tún bù lé e. Ọyẹ́ dé, òdòdó yọ lóòótọ́, àmọ́ ó ṣù pọ̀ bí ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé, atẹ́gùn ò ráyè gba inú ẹ̀ kọjá, ìrì há síbẹ̀, ó dúdú, gbogbo ẹ̀ rẹ̀ dànù. Ewé tuntun ò ju àtàǹpàkò mi lọ. Ìyàwó mi gbin tẹ̀tẹ̀ sídìí méjì nínú wọn, tẹ̀tẹ̀ yẹn dúró bí aràrá, ló bá ní ṣé mo ti fi nǹkan sílẹ̀ yìí ni.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé oògùn yìí kì í ṣe ajílẹ̀ rárá. Ṣe ló ń dí igi lọ́wọ́ kó má lè ṣe gibberellin, ìyẹn hómóònù tó ń mú kí ẹ̀ka na. Tí ẹ̀ka ò bá ti nà mọ́, igi á yíjú sí òdòdó. Gbòǹgbò ló ń fà á mu, kì í sì í tètè kúrò nílẹ̀, àṣé tọdún àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀ tí mo fi da òmíì lé e lórí.

Báyìí, mo máa ń fi tépù wọn ibi tí ẹ̀ka fẹ̀ dé, láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Tí ara ike bá kọ 25% (ìyẹn ìwọ̀n oògùn gan-an tó wà nínú ẹ̀), mílílítà 4 ni mò ń lò fún mítà kan, igi tó bá fẹ̀ tó mítà 5 á gba 20, sírínjì kẹ́mísì ni mo fi ń fà á, kì í ṣe ìdérí mọ́ láéláé. Mo máa pò ó mọ́ omi lítà 10, màá gbẹ́ ilẹ̀ yí ìdí igi ká díẹ̀, kí n dà á síbẹ̀ ní ìparí oṣù kẹjọ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, torí ó máa ń gbà tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó ṣiṣẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìlàjì, tàbí kí n má dà á rárá. Igi kékeré tàbí èyí tára ẹ̀ ò yá, mi ò jẹ́ fọwọ́ kàn án.

Àmọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ tún sọ pé ìgbẹ́ adìẹ lẹ̀ ń kó sídìí ẹ̀ lọ́dọọdún. Háà! Ibẹ̀ gan-an ni mo fura sí. Náítírójìn (oúnjẹ tó ń mú ewé dàgbà) tó wà nínú ẹ̀ pọ̀ jù, ewé nìkan ló máa máa yọ. Ẹ dá ìgbẹ́ adìẹ dúró ná, ẹ gé àwọn ẹ̀ka tó dí ara wọn pa kí oòrùn lè wọnú ẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ọ̀gbẹlẹ̀ kan ṣoṣo kọjá lórí ẹ̀. Tó bá ṣì yarí, potassium nitrate wà, iyọ̀ kan tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún sára ewé tó ti gbó kí igi lè tanná, gíráàmù 20 sí lítà omi kan, àwọn ará Philippines ti ń lò ó tipẹ́. Kì í ṣe gbogbo irú máńgòrò ló ń gbọ́ tiẹ̀ o, àmọ́ kì í pẹ́ nínú ilẹ̀ bíi paclobutrazol.

Tèmi, lẹ́yìn tí òdòdó rẹ̀ dànù yẹn, ọdún méjì ni mi ò da nǹkankan síbẹ̀ kí n tó tún bẹ̀rẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn ò tíì so bíi ti tẹ́lẹ̀ títí di báyìí.

Ẹ tiẹ̀ dá mi lóhùn ná, kóró lẹ gbìn àbí èyí tí wọ́n graft? Torí tó bá jẹ́ kóró, ọdún mẹ́fà yẹn, ọmọdé ló ṣì ń ṣe.