libGL.so.1 kì í ṣe orúkọ package o, bẹ́ ẹ ṣe máa rí ẹni tó ni ín rèé

Ẹ̀gbọ́n, mo rí i tẹ́ ẹ ní import OpenCV (ohun èlò Python tó ń ṣiṣẹ́ lórí àwòrán) ń gbé "libGL.so.1: cannot open shared object file" jáde, ẹ wá tẹ apt install libGL.so.1, apt (ètò tó ń fi package, ìyẹn àkójọ fáìlì ètò kan, sórí Debian àti Ubuntu) ní òun ò mọ̀ ọ́n, ẹ lo dpkg -S tó ń sọ package tó ni fáìlì, ìyẹn náà ní òun ò rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fáìlì yẹn látorí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì o. Mo ṣe é rí, ojú mi rí màbo.

Láíbìrì (fáìlì tí àwọn ètò míì ń lò) kan ṣoṣo ni mo ń wá lọ́jọ́ yẹn, mo bá kọ́pì ẹ̀ látorí ẹ̀rọ kan tí Linux tiẹ̀ tuntun ju tèmi lọ, mo jù ú sínú /usr/lib/x86_64-linux-gnu. Ètò yẹn tún béèrè òmíì, mo tún gbé e, ó tún béèrè, mò ń gbé e bẹ́ẹ̀ títí ó fi ní libc.so.6 tèmi ti gbó jù, mo bá gbé ìyẹn náà lé tèmi lórí. Bí mo ṣe tẹ ls báyìí, relocation error, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Cp tí mo fẹ́ fi dá ti tẹ́lẹ̀ padà, relocation error. Sudo náà, bákan náà, torí gbogbo wọn ló ń lo libc. Ìgbà tí mo fi USB tó ní version Linux kan náà tan ẹ̀rọ yẹn, tí mo kọ́pì libc tibẹ̀ sórí dísìkì mi, lọkàn mi tó balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ package tó ní láíbìrì yẹn wà nínú repository (ibi tí apt ti ń kó package) látìbẹ̀rẹ̀, mi ò kàn béèrè ni.

Dpkg -S ò parọ́ fún yín, ohun tó ti wà lórí ẹ̀rọ yín nìkan ló mọ̀. Tẹ́ ẹ bá bi í pé ta ló ni /usr/bin/python3, á ní python3-minimal. Fáìlì tí ò tíì sí níbẹ̀, apt-file lẹ máa bi:

sudo apt install apt-file
sudo apt-file update
apt-file search -x '/libGL\.so\.1$'

Ẹ má fo update yẹn o, torí láìsí i kò ní àkọsílẹ̀ tó máa wò. Èsì tó máa fún yín á rí báyìí:

libgl1: /usr/lib/x86_64-linux-gnu/libGL.so.1

Ohun tó ṣáájú àmì kólọ́ọ̀nù yẹn ni package, ẹ fi libgl1 sí i. Ọ̀pọ̀ ibi lórí íntánẹ́ẹ̀tì á ní kẹ́ ẹ lo libgl1-mesa-glx, orúkọ àtijọ́ nìyẹn, kò sí i mọ́ nínú Ubuntu 24.04.

Lórí Fedora, dnf provides '*/libGL.so.1' ni. Arch, pacman -Fy kọ́kọ́, lẹ́yìn náà pacman -F libGL.so.1.

Nígbà míì sha, fáìlì á wà níwájú yín kedere, dpkg -S á sì tún sẹ́ ẹ. Wọ́n ti da /bin pọ̀ mọ́ /usr/bin, torí náà lórí Debian tí ò tuntun púpọ̀, /usr/bin/ls lè má bá àkọsílẹ̀ mu, ẹ tẹ dpkg -S /bin/ls, á ní coreutils. Ti /etc/ssl/certs/ca-certificates.crt ló gba odidi ọ̀sán kan lọ́wọ́ mi, àṣé kò sí nínú package kankan, update-ca-certificates ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti fi libgl1 sí i tán, ó ṣeé ṣe kí OpenCV tún béèrè libgthread-2.0.so.0. Apt-file náà lẹ máa bi, torí libglib2.0-0 ló ń jẹ́ ní Debian 12, ní Ubuntu 24.04 ó ti di libglib2.0-0t64.