Ọmọ tó lo wákàtí díẹ̀ láyé, ṣé kí n kà á mọ́ àwọn ọmọ tí mo bí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó gbé tábílẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wá sílé wa, ó ní ìwádìí lórí ìlera ni àwọn ń ṣe. Ó bi mí pé ọmọ mélòó ni mo ti bí, mélòó ló wà láàyè, mélòó ló ti kú. Mo ní mẹ́rin, pé ọ̀kan ti kú. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé márùn-ún ni mo bí. Àkọ́bí mi ké lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò mọ́ bá a. A ò sọ ọ́ lórúkọ, n kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó tún bi mí nípa àwọn ọmọ ìyá mi obìnrin: èwo ló ti kú, ṣé ó lóyún nígbà tó kú? Kí ni wọ́n ń fi gbogbo èyí ṣe? Ṣé mo ti ba iṣẹ́ wọn jẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àmúmọ́ra, ìyá wa. Ọlọ́run á dá àwọn tó kù sí.

Ọmọ yẹn yẹ kó wà nínú iye. Ọmọ tó bá ti ké, tó mí, tàbí tó mira lẹ́yìn tó jáde, ìbáà ṣe fún ìṣẹ́jú kan, ààyè ni a bí i. Èyí tí kò ṣe ọ̀kankan nínú wọn ni a ń kà sí òkú ọmọ, ọ̀tọ̀ sì ni ibi tí à ń kọ ọ́ sí. Àmọ́ ẹ ò ba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ́. Àwa tí à ń ṣe ìṣirò ìbí àti ikú mọ̀ pé ọmọ ọlọ́jọ́ kan ló máa ń bọ́ sílẹ̀ jù nínú gbogbo ohun tí à ń kà.

Ìdí tí wọ́n fi ń bi yín ni pé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà, ènìyàn lè wáyé kó sì lọ láìsí ìwé kankan tó mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí kò ní ìwé ìbí kì í sábà ní ìwé ikú. Tó bá jẹ́ ìwé ìjọba nìkan la gbára lé, a ó rò pé ikú ò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Inú ìyá ọmọ ni ìwé náà wà.

William Brass, ọmọ Scotland kan tó ti ṣiṣẹ́ oníṣirò ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ló rí ọgbọ́n rẹ̀ dá. Ó ní kí a to àwọn obìnrin ní ìsọ̀rí ọjọ́ orí, kí a bi wọ́n ní ohun méjì péré: mélòó lẹ bí, mélòó ló kù. Ká ní àwọn ìyá tó wà láàárín ọdún 20 sí 24 bí 1,500 ọmọ, tí 150 ti kú. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, ó sì sún mọ́ iye ọmọ tí ikú ń mú kí wọ́n tó pé ọdún méjì níbẹ̀. Ti àwọn ìyá ọdún 30 sí 34 ń sọ ti ikú kí ọmọ tó pé ọdún márùn-ún. Ẹ ò rí i pé kò sẹ́ni tó béèrè ọjọ́ ikú lọ́wọ́ ẹnì kankan. Lóde òní, wọ́n ti ń bèèrè ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan: oṣù tí wọ́n bí i, ọdún tí wọ́n bí i, iye ọjọ́ tó lò. Ẹnu àwọn ìyá bíi tiyín ni ọ̀pọ̀ ohun tí a mọ̀ ti wá, títí kan pé nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí láyé, 93 ló ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún ní 1990, tó sì ti wálẹ̀ sí 37 ní 2022.

Bí a ṣe to ìbéèrè náà ní ìdí. Àwọn ọmọkùnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ yín, àwọn ọmọbìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ yín, àwọn tó ń gbé níbòmíràn, lẹ́yìn náà la tó kan àwọn tó ti kú. Tí a bá béèrè lẹ́ẹ̀kan náà pé "mélòó lẹ bí?", èyí tó wà lẹ́yìn odi àti èyí tó wà nínú ilẹ̀ ló máa ń yọ́ kúrò. Bí ìyá bá sì ní kò sí èyí tó kú, ó di dandan kí a tún un béèrè: "Kò sí èyí tó ké, tàbí tó gbìyànjú àtimí, tí kò wá pẹ́?" Mo ti jókòó ti òṣìṣẹ́ wa kan rí tó bi ìyá kan ní ìbéèrè yìí. Aṣọ ni ìyá náà ń ká. Ó ti dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ pé "rárá" láìgbójú sókè. Nígbà tó gbọ́ èkejì, ó ká aṣọ ọwọ́ rẹ̀ tán, ó tú u, ó tún un ká, ó wá ní, "Ọ̀kan wà." Bí ẹni tó wá bá yín bá fo ìbéèrè kejì yìí, ẹ̀bi tirẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe tiyín.

Ohun tó mú un ṣe pàtàkì ni pé nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ tó ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún, oṣù àkọ́kọ́ ni wọ́n ń kú. Ohun tó ń pa wọ́n yàtọ̀: ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé, ọmọ tí kò lè mí dáadáa nígbà ìbí, àìsàn tó wọ̀ ọ́ lára lọ́jọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́. Agbẹ̀bí tó mọṣẹ́ ni oògùn ìyẹn. Ọmọ ọdún méjì ńkọ́? Ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti òtútù àyà ló sábà ń dojú kọ ọ́, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ló sì ń ràn án lọ́wọ́. Tí àwọn ọmọ ọlọ́jọ́ kan ò bá sí nínú ìwé, owó á gba ọ̀dọ̀ nẹ́ẹ̀tì lọ, yàrá ìgbẹ̀bí á sì wà bó ṣe wà.

A máa ń fura sí i. Nínú àwọn ọmọ tó kú lóṣù àkọ́kọ́, nǹkan bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ń kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí èsì ibì kan bá kéré sí èyí gan-an, a mọ̀ pé àwọn ìyá ti gbé nǹkan mì. Àwọn òṣìṣẹ́ wa náà kò mọ́ o. Ìbéèrè gígùn wà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, nítorí náà, ọ̀lẹ nínú wọn á ti ọjọ́ ìbí ọmọ sẹ́yìn díẹ̀ kó lè bọ́ nínú wàhálà. Nígbà tí a bá ya àwòrán iye ọmọ tí wọ́n bí lọ́dọọdún, a ó rí kòtò ní ọdún kan, òkìtì ní ọdún tó ṣáájú rẹ̀.

Ní ti àwọn arábìnrin yín: ẹni tó kú sórí ìkúnlẹ̀ kò lè dáhùn ìbéèrè, ìyẹn la ṣe ń bi ọmọ ìyá rẹ̀. The Gambia ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò, ní 1987. Ikú abiyamọ kì í pọ̀ tó ikú ọmọdé, ilé tí à bá wọ̀ ká tó rí iye tó ṣe é fọkàn tán ì bá pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n obìnrin kan lè sọ ti arábìnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin níjòókòó kan.

Tí àwọn òṣìṣẹ́ náà bá ṣì wà ládùúgbò, ẹ sọ fún ọ̀gá wọn pé ẹ fẹ́ tún èsì yín ṣe. Ó máa ń padà wọ àwọn ilé kan láti yẹ iṣẹ́ wò. Bí wọ́n bá ti lọ, ẹ fi sílẹ̀. Nígbà mìíràn, bí ìbéèrè kan bá wúwo jù, ẹ sọ pé ẹ ò fẹ́ dáhùn, ẹ̀tọ́ yín ni. Ó tẹ́ wa lọ́rùn ju iye tí kì í ṣe òótọ́ lọ, torí a ń rí àyè tó ṣófo, a kì í rí irọ́. Wọ́n sì máa ń yọ orúkọ kúrò kí èsì tó dé ọwọ́ àwa oníṣirò. Bó bá sì jẹ́ pé iwájú àna yín ni ọmọbìnrin náà ti bi yín, ó ṣàṣìṣe; ẹ lè ní kó jẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì lọ jókòó síbi tí etí ẹlòmíràn ò dé.