Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Kí ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ òfurufú mi jọ ọkọ̀ ńlá nínú diorama (ìran kékeré tí a fi àwòṣe tò kalẹ̀)?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ to ọkọ̀ òfurufú oníke kan parí ní ìwọ̀n 1/72 (ìyẹn ni pé mìlímítà 1 lára rẹ̀ dúró fún mìlímítà 72 lójú ayé), irú èyí tó máa ń wà nínú ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì. Mo fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ sí ayé mìíràn, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá gbé e lé orí pákó tí mo da yanrìn sí, ohun ìṣeré ọmọdé ni ó ń jọ. Mo tún fọ́n ọ̀dà alágolo sí fóòmù tí mo fẹ́ fi ṣe àpáta, ó sì yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe?

Ìdáhùn: Ọkọ̀ yín kọ́ ni ó ní àléébù. Bí ènìyàn bá rí àwòṣe ilé tàbí ti ọkọ̀ akérò, ó ti mọ bí wọ́n ṣe tóbi tó lójú ayé. Kò sí ẹni tó rí irú ọkọ̀ tiyín rí, nítorí náà ojú kò ní ohun tí yóò fi díwọ̀n rẹ̀ àfi ara ènìyàn, àti àwọn nǹkan tí a ṣe ní ìbámu pẹ̀lú ara ènìyàn, bí ilẹ̀kùn, àkàbà àti irin ìfọwọ́tì. Ní ìwọ̀n 1/72, ẹni tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 175 yóò jẹ́ mìlímítà 24 péré, ilẹ̀kùn tó ga ní mítà 2 yóò tó mìlímítà 28, irin ìfọwọ́tì tó ga ní mítà 1.1 yóò sì jẹ́ mìlímítà 15. Àlàfo tó wà láàárín ìtẹ̀sẹ̀ àkàbà kan sí èkejì sábà máa ń súnmọ́ sẹ̀ǹtímítà 30, èyí tó di nǹkan bíi mìlímítà 4. Ẹ mú rúlà kí ẹ yẹ tiyín wò. Tí ẹ bá yá àkàbà lára àwòṣe ọkọ̀ ogun ìwọ̀n 1/35, ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ yóò jìnnà sí ara wọn ju ìlọ́po méjì bó ṣe yẹ lọ, ẹni tó bá sì wò ó yóò mọ̀ pé nǹkan kan kò bọ́ sí i, bí kò tilẹ̀ lè sọ ohun náà.

Yanrìn ni mo fura sí jù lọ. Wóró yanrìn tó fẹ̀ ní mìlímítà 1 dúró fún òkúta tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7 ní ìwọ̀n yín. Ohun tí ẹ pè ní ilẹ̀ oníyanrìn ti di ilẹ̀ olókùúta, ọkọ̀ tó dúró lé e lórí sì kéré lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi asẹ́ tí ojú rẹ̀ kéré gan-an sẹ́ yanrìn náà, kí ẹ lo èyí tó kúnná fún ilẹ̀, kí ẹ fi ìwọ̀nba díẹ̀ nínú èyí tó kù ṣe òkúta, kí ẹ sì fi àwọ̀ oníyẹ̀fun ṣe eruku.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pinnu ayé tí ọkọ̀ náà balẹ̀ sí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ti máa ń dárà láìbéèrè ohun tó ṣeé ṣe. Bí ó bá jẹ́ ayé tó dà bí òṣùpá, kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀, kò sì sí òjò, nítorí náà ipa omi tó ń ṣàn lára ọkọ̀ kò bójú mu, ìpẹtà náà kò sì bójú mu àyàfi tí ẹ bá fẹ́ kí ó hàn pé ibòmíràn ni ọkọ̀ náà ti kó o wá. Òjìji ibẹ̀ dúdú, etí rẹ̀ sì mú. Àpáta tó jìnnà mọ́ kedere bí èyí tó wà nítòsí, nítorí náà àṣà wa láti fi ọ̀dà mú kí àwọ̀ ohun tó wà lẹ́yìn ṣá kí ó lè dà bí ohun tó jìnnà kò wúlò níbẹ̀ rárá. Bí ó bá jẹ́ ayé tó dà bí Máàsì, afẹ́fẹ́ wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti ayé wa, eruku pupa tí ìpẹtà irin fún ní àwọ̀ sì ń bà lé gbogbo nǹkan. Eruku kan náà tó wà nílẹ̀ ni kí ẹ fi kun ẹsẹ̀ ọkọ̀, ìsàlẹ̀ àkàbà àti bàtà àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ rántí pé ẹ́ńjìnnì tó balẹ̀ yóò ti fẹ́ eruku kúrò lábẹ́ ara rẹ̀: ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ le, kí ipa eruku sì fọ́nká láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo. Ohun kékeré yìí ni ó ń sọ pé ọkọ̀ náà fò wá, pé wọn kò kàn gbé e kalẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí pákó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ má sì to ọkọ̀ náà kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá etí pákó dọ́gba. Ẹ yí i díẹ̀. Ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tó, bí wọ́n bá ń ṣe ohun kan pàtó, bíi kí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó tẹ̀, kí èkejì máa na irinṣẹ́ sí i. Ogún ènìyàn tó kàn dúró ń wo ọ̀ọ́kán kò wúlò.

Ọ̀rọ̀ fóòmù kò le. Polystyrene ni fóòmù náà, èròjà olómi tí wọ́n fi po ọ̀dà alágolo sì máa ń yọ́ ọ. Àtè alẹ̀kíákíá náà lè jẹ ẹ́. Ẹ po àtè funfun PVA mọ́ ọ̀dà olómi dúdú, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí gbogbo ihò rẹ̀ dí, lẹ́yìn náà ẹ máa fi ọ̀dà olómi nìkan kùn ún.

Bí ẹ bá fẹ́ fi iná sínú ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀dà dúdú kun inú rẹ̀, kí ẹ wá kun funfun lé e, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ yóò máa là kọjá lára ike. LED (iná kékeré tí kì í jẹ bátìrì púpọ̀) funfun ń fẹ́ nǹkan bíi fóltì 3. Tí ẹ bá lo bátìrì fóltì 9, ẹ fi resistor (èròjà kékeré tó ń dín iná tó ń kọjá kù) ohm 330 sí ojú ọ̀nà iná náà kí LED má baà jó. Ẹ gbé bátìrì sábẹ́ pákó, kí ẹ sì ṣí ojú ọ̀nà kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí ọwọ́ lè gbà, nítorí bí ẹ bá fi àtè dí i pa, ẹ máa tú ilẹ̀ tí ẹ fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣe nígbà tí bátìrì bá kú.