Àǹtí, wọ́n ní kí n fi oṣù mẹ́ta kun ère láìgbowó

Lẹ́tà náà rèé, mo gé e kúrú díẹ̀:

“Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, Nottingham ni mò ń gbé. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí àwọn òbí mi kó wa wá síbí, páálí ìlú yìí ló sì wà lọ́wọ́ mi. Mo kàwé jáde nínú Biochemistry, inú láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń kun àwọn ère kéékèèké tí wọ́n fi ń ṣeré ogun lórí tábìlì, kò sì sí ohun tó dùn mọ́ mi tó o. Ilé iṣẹ́ kan tó ń bá oníbàárà kun ère ti ní àwọn máa gbà mí kí n wá kọ́ṣẹ́. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kò sí owó, wọ́n ní ẹ̀kọ́ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, pọ́ùn márùn-ún lórí ère kan. Wọ́n ní n kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, pé èmi ni ọ̀gá ara mi, àmọ́ aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kò gbọ́dọ̀ lù kí n má tíì sí lórí ìjókòó. Ère kan máa ń gbà mí tó wákàtí méjì. Mọ́mì mi ní ṣé torí kí n lè máa kun ère ni àwọn fi ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Lọ́jọ́ tí wọ́n rí èyí tó ní ìwo lórí, tó so agbárí mọ́ bẹ́líìtì, òróró àdúrà ni wọ́n sáré lọ gbé. Ṣé kí n gba iṣẹ́ yìí? — Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀.”

Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀, ọmọ mi,

Má gbà á. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ yẹn, má gbà á. Àmọ́ má tíì lọ sọ fún ìyá rẹ pé Àǹtí ti gbè wọ́n lẹ́yìn, torí ohun tí èmi rí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ àti ohun tí wọ́n ń pariwo lé lórí kì í ṣe ọ̀kan náà.

Mo mọ ìdí tí oṣù mẹ́ta láìgbowó kò fi dẹ́rù bà ọ́ tó bó ṣe yẹ. Ilé Yorùbá lo ti jáde, o ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà pé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kì í béèrè owó. Èmi náà rin ọ̀nà yẹn. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Mókọ́lá. Bàbá mi ló sanwó fún ọ̀gá mi, èmi ni mò ń gbá ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mò ń pọn ọmọ wọn, èmi ni mò ń da èédú sínú áyọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn wà níbẹ̀ tí àwọn ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí: ọ̀gá mi gbọ́dọ̀ kọ́ mi dé orí aṣọ ìyàwó, lọ́jọ́ tí mo bá sì ṣe fíríídọ̀ọ̀mù, mo di ẹni ara mi, kódà mo lè ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì. Kí ni àwọn tìrẹ yìí ṣèlérí pé àwọn máa kọ́ ọ? O ti ń kun ère fún ọdún mẹ́wàá! Àwọn tó o bá kùn ní oṣù mẹ́ta yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n máa dà wọ́n nù ni, àbí wọ́n máa tà wọ́n fún oníbàárà? Nínú lẹ́tà rẹ tó gùn jù èyí lọ, o ní iṣẹ́ oníbàárà ni wọ́n máa gbé fún ọ láti ọ̀sẹ̀ kejì. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni.

Ní ìlú tó o wà yìí, òfin ní kí wọ́n máa san owó fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2025 sí oṣù Kẹta ọdún 2026, ẹni tó bá ti lé ní ogún ọdún kò gbọ́dọ̀ gbà dín ní pọ́ùn 12.21 ní wákàtí kan. Àwọn tó wà láàárín ọdún 18 sí 20, pọ́ùn 10. Ẹni tó bá tọwọ́ bọ ìwé ẹ̀kọ́ṣẹ́ gidi, pọ́ùn 7.55 ni, àmọ́ fún ẹni ọjọ́ orí rẹ, ọdún àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n lè san ìyẹn. Lóṣù Kẹrin ọdọọdún ni wọ́n máa ń yí iye wọ̀nyí padà, òkè ni wọ́n sì máa ń lọ. Wọ́n lè ní kí èèyàn wá fi ọwọ́ rẹ̀ han àwọn fún wákàtí díẹ̀ kí wọ́n tó gbà á, ìyẹn kò burú. Oṣù mẹ́ta kì í ṣe ìdánwò.

Ti “ìwọ ni ọ̀gá ara rẹ” yẹn tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wo ni wọ́n ń yan aago fún? Orúkọ tí wọ́n kọ sínú ìwé kọ́ ni òfin ń wò, bí iṣẹ́ ṣe ń lọ gan-an ló ń wò. Tí wọ́n bá ń sọ ìgbà tó o máa dé, ibi tó o máa jókòó àti ère tó o máa kùn, tí o kò sì lè rán ẹlòmíì wá ṣe é, ó ṣeé ṣe kí òfin kà ọ́ sí òṣìṣẹ́ wọn, ohunkóhun tí wọn ì báà pè ọ́.

Jẹ́ ká ṣírò ti pọ́ùn márùn-ún. Kí n tó dá ọ lóhùn, mo lọ jókòó ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kun irú ère yìí, torí n kò fẹ́ máa sọ ohun tí mi ò rí. Ère náà kò ga ju oríkèé àtàǹpàkò mi lọ, bíi mìlímítà 32. Ó ti fín ọ̀dà dúdú sí i lára sílẹ̀. Ó po ọ̀dà mọ́ omi títí ó fi ṣàn bíi wàrà, ó kun ẹ̀wù rẹ̀, ó dúró kó gbẹ, ó tún un kùn. Ó da ọ̀dà olómi kan lé e tó sá wọnú gbogbo ìṣẹ́po aṣọ náà, àfi bí ẹni pé òjìji ti bọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ń fi àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ fa etí aṣọ, ìlà tó tín-ín-rín ju òwú lọ. Nígbà tó kan ojú, ó fi ètè mú ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kó lè ṣe ṣóńṣó, bí àwa náà ṣe máa ń fi itọ́ mú ẹnu òwú kó tó wọ ojú abẹ́rẹ́, ó sì dá èémí dúró. Funfun tóótòòtó, dúdú tóótòòtó. Ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀ lójú kejì, ère bá wo ọ̀tún wo òsì bí ẹni tó jẹ gbèsè. Ló bá pa gbogbo ojú náà rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi awọ. Mo wo aago: wákàtí kan àti ìṣẹ́jú àádọ́ta.

Nítorí náà wákàtí méjì tó o sọ kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n pọ́ùn márùn-ún fún wákàtí méjì, pọ́ùn 2.50 ni wákàtí kan. Tó o bá fi ogójì wákàtí jókòó lọ́sẹ̀, ère ogún lo máa kùn, pọ́ùn ọgọ́rùn-ún lo máa gbé relé. Tá a bá fi iye ti 2025 yẹn ṣírò ó, ohun tí òfin ní kí wọ́n fún ọ fún ogójì wákàtí yẹn jẹ́ pọ́ùn 488.40. Kí pọ́ùn márùn-ún tó lè bá òfin mu, ère kan kò gbọdọ̀ gbà ju bíi ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún lọ. Wọ́n á sọ fún ọ pé tó o bá tò wọ́n ní mẹ́wàá mẹ́wàá, kó o kun gbogbo ẹ̀wù tán kó o tó kan bàtà, á yá. Òótọ́ ni, á yá. Kò ní yá tó ìyẹn, àyàfi tí o kò bá ní kun ojú.

Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ máa sanwó lórí iye tí òṣìṣẹ́ bá ṣe lẹ́tọ̀ọ́ sí i o, tí kì í bá ṣe àwọn ló ń yan wákàtí iṣẹ́ fún un, àmọ́ ọ̀nà kan wà tí òfin là sílẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ dán an wò, wọ́n á mọ iye tí òṣìṣẹ́ wọn ń kùn ní wákàtí kan ní ìpíndọ́gba, wọ́n á fi 1.2 pín in kí ìyà má baà jẹ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá, orí èyí tó bá jáde ni wọ́n máa gbé owó kà. Ká ní ère kan ní wákàtí kan ni ìpíndọ́gba wọn, ní iye ti 2025 yẹn, bíi pọ́ùn 14.65 ló yẹ kí wọ́n san lórí rẹ̀. Bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n ṣe ìdánwò tiwọn, kó o wo ojú wọn. Tó o bá fẹ́ kí ẹnì kan tó mọ òfin tẹ́tí sí ọ kó o tó lọ, pe Acas, àjọ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, wọn kì í gba kọ́bọ̀.

Wọ́n ní iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Èyí tí wọ́n gbé wá fún ọ yìí, oògùn tó ń fa àìsàn ni.

Ọ̀rọ̀ wá kan ọjọ́ iwájú. Ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣìnà nìyí, torí wọ́n ń rí owó rẹpẹtẹ nínú eré yìí lóòótọ́. Nottingham tó o ń gbé gan-an ni olú ilé iṣẹ́ Games Workshop, àwọn tó ń ṣe irú ère yìí, wà, ní Lenton. Lọ́dún 1975 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, Warhammer, eré ogun orí tábìlì wọn, dé ní 1983, nígbà tó sì di oṣù Kejìlá ọdún 2024 wọ́n ti wọ FTSE 100, àwọn ọgọ́rùn-ún ilé iṣẹ́ tó tóbi jù lọ lórí ọjà ìpín Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń tà? Ère tí kò ní ọ̀dà lára ni, pẹ̀lú ọ̀dà inú ike kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oníbàárà fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn ún, ìgbádùn tó tìtorí rẹ̀ sanwó nìyẹn! Owó tó wà nínú kíkun ère, lọ́wọ́ ẹni tó ń kùn ló ti ń jáde, kì í wọlé sọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí Games Workshop gbà síṣẹ́ láti kun èyí tí à ń rí lára páálí, àwọn tí wọ́n ń pè ní ’Eavy Metal, ẹgbẹ́ kékeré ni wọ́n, àwọn tó fẹ́ àga yẹn sì pọ̀ káàkiri ayé. Àwọn tó kù tó sọ pé àwọn fẹ́ kí ẹlòmíì bá àwọn kùn ún, wọ́n tún lè fi ránṣẹ́ sí Sri Lanka, níbi tí ilé ìkunère wà tí owó iṣẹ́ wọn kéré sí ti ọ̀dọ̀ yín.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí nítòsí yín. Ní Stoke-on-Trent, àwọn obìnrin ló ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun ère amọ̀ Royal Doulton, iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ lọ́dọ̀ àwọn àgbà. Ní 2005 wọ́n ti ilé iṣẹ́ tó wà ní Nile Street ní Burslem, iṣẹ́ àwọn ère náà sì gba Indonesia lọ. Ọwọ́ àwọn obìnrin yẹn kò bàjẹ́, owó ọwọ́ ẹlòmíì ló dínkù sí tiwọn.

Síbẹ̀, n kò ní kó o da búrọ́ọ̀ṣì rẹ sígbó. Ohun tó wuni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni, ìwọ sì ti fi ọdún mẹ́wàá kó tìrẹ jọ. Àwọn tó ń jẹun gidi nídìí iṣẹ́ yìí tí mo mọ̀, púpọ̀ nínú wọn kì í kun ogún ère lọ́sẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń kọ́ èèyàn ni: kíláàsì òpin ọ̀sẹ̀, fídíò, àwọn tó ń san owó díẹ̀ lóṣooṣù láti máa wò bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn mìíràn kì í gba ju ère ńlá kan lọ lóṣù, fún ẹni tó fẹ́ gbé e sínú gíláàsì, wákàtí ni wọ́n sì ń bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ kà. Iṣẹ́ láàbù yẹn ló máa jẹ́ kí ìwọ náà lè sọ fún oníbàárà pé “iye rẹ̀ nìyí” láìgbọ̀n. Dì í mú. Tí wọ́n bá lè fún ọ ní ọjọ́ mẹ́rin dípò márùn-ún lọ́sẹ̀, tọrọ rẹ̀, kó o fi ọjọ́ karùn-ún kun ère ní orúkọ ara rẹ. Pọ́ùn ẹgbẹ̀rún kan àkọ́kọ́ tó bá wọlé lọ́dún láti ibẹ̀, owó orí kò kàn án. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HMRC, àwọn tó ń gba owó orí, kó tó di ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹwàá tó tẹ̀ lé òpin ọdún owó orí yẹn. Kó o sì gbé iṣẹ́ rẹ kan lọ sí ìdíje Golden Demon. Láti 1987 ló ti wà, idà gidi ni ẹni tó bá borí gbogbo wọn máa ń gbé relé. Ibẹ̀ lo ti máa mọ ibi tí ọwọ́ rẹ dé, torí àwọn ọ̀rẹ́ kì í sọ òótọ́.

(Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí físà ọmọ iléèwé tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ má gbìyànjú ti ọjọ́ karùn-ún yẹn o. Físà yín kò gbà kí ẹ dá iṣẹ́ ṣe fúnra yín.)

Tí ilé iṣẹ́ náà bá ṣì wù ọ́, padà lọ bá wọn pẹ̀lú ìṣirò yìí lórí ìwé, kó o ní wákàtí ni kí wọ́n fi sanwó fún ọ láti ọjọ́ kìíní. Wọ́n lè gbà, kó yà ọ́ lẹ́nu.

Ìyá rẹ ńkọ́? Má bá wọn jiyàn lórí ìwo àti agbárí, o kò ní borí. Sọ ìtàn Làmídì Fákẹ́yẹ fún wọn. Mùsùlùmí ni, ọmọ agbẹ́gilére, ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì lábẹ́ fadá Kátólíìkì ló ti kọ́ṣẹ́ sí i lọ́dọ̀ Bándélé ọmọ Aréògún, ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì títí. Kò sí ẹni tó gbé òróró lé e. Àmọ́ kì í ṣe ère gan-an ló ń dun ìyá rẹ. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń dùn wọ́n. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún máa yí arúgbó padà lórí bẹ́ẹ̀dì ní aago mẹ́ta òru ti mọ ohun tí pọ́ùn kan ń jẹ́. Fi ìṣirò ogójì wákàtí yẹn hàn wọ́n, pé ìwọ náà ti rí i, pé o kò ní fi láàbù sílẹ̀ nítorí pọ́ùn ọgọ́rùn-ún lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà kó o wá kun ère kan tí kò ní ìwo, kó o gbé gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n fi wo ojú rẹ̀.

Tí àwọn ilé iṣẹ́ yẹn bá fún ọ ní ìwé tuntun, fi ránṣẹ́ sí mi kó o tó fọwọ́ sí i.

Àǹtí rẹ