Báríọ̀mù tàbí omi oògùn: èwo ni kó ṣáájú?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Eegun ẹja há yèyé wa lọ́fun níbi tí wọ́n ti ń jẹ iyán, wọ́n sì fi òkèlè ńlá tì í. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àyà ń dùn wọ́n, ibà sì ti dé. Dókítà fura pé ọ̀nà ọ̀fun ti ya. Omi oògùn tó mọ́ gaara ni wọ́n kọ́kọ́ fún wọn mu láti fi ya fọ́tò inú ara (X-ray), kò fi nǹkan kan hàn. Báríọ̀mù tí wọ́n mu tẹ̀ lé e ló fi ihò kékeré náà hàn. Ara wọn ti yá báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ń bínú pé kí ló dé tí wọn kò lo báríọ̀mù láti ìbẹ̀rẹ̀. — Òǹkàwé yín, Ìkéré-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú yèyé o. Ẹ bá wa bẹ ẹ̀gbọ́n, nítorí pé bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é gan-an ni wọ́n ṣe é.

Òótọ́ ni pé báríọ̀mù, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n pò mọ́ omi, máa ń fi ojú ihò hàn ju omi oògùn lọ. Ṣùgbọ́n ara kì í fà á mu. Bí ihò bá tóbi, tí báríọ̀mù púpọ̀ sì jò sí àárín àyà, ibẹ̀ ni yóò wà, tí yóò máa mú ẹran ara ibẹ̀ wú, tí yóò sì máa dí ojú fọ́tò mìíràn tí wọ́n bá yà lẹ́yìn náà. Omi oògùn tó ní áyódíìnì nínú, irú bíi Gastrografin, kì í ṣe bẹ́ẹ̀: bí ó bá jò, ara yóò fà á, kíndìnrín yóò sì gbé e jáde. Òun ni wọ́n fi ń wá ihò ńlá. Bí kò bá sí, báríọ̀mù díẹ̀ lè wá tẹ̀ lé e láìséwu púpọ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Gastrografin máa ń fa omi mọ́ra gidigidi. Bí ó bá ṣìnà wọ ọ̀nà èémí, omi ara lè ya kún inú ẹ̀dọ̀fóró, èyí sì lè pa ènìyàn. Nítorí náà, bí aláìsàn bá jẹ́ ẹni tó máa ń wúkọ́ tí omi bá ti kàn án lọ́fun, ẹ tètè sọ fún dókítà, kí ó lè yan iohexol, tí àwọn kan mọ̀ sí Omnipaque, nítorí pé agbára tí ìyẹn fi ń fa omi kéré púpọ̀. Ẹ sọ pẹ̀lú bí oògùn aláyódíìnì bá ti dà á láàmú rí.

Ẹni tí eegun bá há lọ́fun kò gbọdọ̀ fi iyán tàbí ẹ̀bà tì í. Bí àyà bá sì ń dùn ún lẹ́yìn rẹ̀, tàbí tí ọrùn wú, tí awọ ibẹ̀ sì ń dún lábẹ́ ìka bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kí ó má jẹ, kí ó má mu ohunkóhun, títí kan àgbo. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀, ì báà ṣe ní òru.