Ǹjẹ́ gbígba abẹ́rẹ́ àjẹsára tako ìgbáralé Ọlọ́hun?

Ìbéèrè: Asalaamu alaekum, Alfa wa. Ọkọ mi ní ẹni tó ń ṣàìsàn ló nílò oògùn. Pé ká gbé ọmọ tí ara rẹ̀ le lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, àìgbáralé Ọlọ́hun ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé abẹ́rẹ́ náà sì ń ba ààwẹ̀ jẹ́?

Ìdáhùn: Wa alaekumu salaam, arábìnrin mi. Rárá, kò rí bẹ́ẹ̀. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ nínú hadiisi tí Bukhari àti Muslim gbà wá pé ẹni tó bá jẹ dàbínù Ajwa méje ní òwúrọ̀, májèlé àti idán kò ní í pa á lára lọ́jọ́ náà. Ẹ wò ó dáadáa: onítọ̀hún kò tíì jẹ májèlé kankan. Kí ìnira tó dé ló ti ń dáàbò bo ara rẹ̀. Hadiisi yìí gan-an ni Sheikh Ibn Baz, onímímọ̀ àgbà ilẹ̀ Saudi, fi ṣe ẹ̀rí pé abẹ́rẹ́ àjẹsára kò léèwọ̀.

Kí ni abẹ́rẹ́ náà tilẹ̀ ń ṣe? Ohun tí Ọlọ́hun ti dá mọ́ ara wa ló ń jí dìde. Kòkòrò àrùn tí wọ́n ti pa tàbí tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn ọmọ ogun ara á rí i, wọ́n á kọ́ bí a ṣe ń bá a jà, àwọn kan nínú wọn á sì máa rántí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́jọ́ tí kòkòrò gidi bá wọlé, wọn kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọ̀nà. Ẹlòmíràn tó gbà á ṣì lè kó àrùn náà o, àmọ́ ó sábà máa ń fúyẹ́.

Ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì tún wà níbẹ̀. Àrùn èèyi máa ń ràn gan-an. Bí àwọn tó ní àjẹsára rẹ̀ kò bá tó nǹkan bí èèyàn 95 nínú 100, yóò ráyè dé ọ̀dọ̀ ìkókó tí kò tíì tó gba abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ ló sì lé ṣọ̀pọ̀nná lọ ní gbogbo ayé, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde rẹ̀ ní 1980.

Ẹ rọra sọ ti Umar, kàlífà kejì lẹ́yìn Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, fún ọkọ yín. Ó ń lọ sí Ṣaamu (agbègbè Síríà), àmọ́ nígbà tó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn wà níbẹ̀, ó ṣẹ́rí padà. Abu Ubaydah, sàábé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, inú kádàrá Ọlọ́hun ni àwọn ti ń sá lọ sínú kádàrá Ọlọ́hun.

Ní ti ààwẹ̀, abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún sí apá kì í ṣe oúnjẹ, kò bà á jẹ́ lójú ọ̀pọ̀ onímímọ̀ òde òní. Èyí tí wọ́n ń kán sẹ́nu ni kí alááwẹ̀ sún di ìgbà tó bá ṣínu.